Mo Pe Gbogbo Ayé, Mi Ò Pe Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bá mi wá àwáwí o. Bí ẹ bá kà á dé ìdajì, tó bá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ bú mi, ẹ bú mi. Èmi gan-an ti bú ara mi títí ó fi sú mi.

Iṣẹ́ mi ò ṣòroó ṣàlàyé. Ilé-iṣẹ́ wa ló ń fi orúkọ sílẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ ní ojúlé tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tẹ́ ẹ máa ń tẹ̀ sórí fóònù yín kí ìsọ̀ ẹnì kan tó yọ sí yín, ọ̀dọ̀ irú wa ló ti ń wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ni orúkọ kan.

Ṣùgbọ́n a ní òfin kan. A kì í fún èèyàn lórúkọ lásán. Ó gbọ́dọ̀ ní sáfà méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń júwe ọ̀nà fún ẹni tó bá ń wá orúkọ náà. Àwa náà á pe àwọn sáfà yìí láti ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá dáhùn, orúkọ di tìẹ. Bí wọn ò bá dáhùn, a ó bá ọ di orúkọ náà mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọ̀sẹ̀ bá pé tí wọ́n ṣì dákẹ́, orúkọ bọ́ nìyẹn, ẹni tó bá ti múra sílẹ̀ lè mú un.

Òfin yẹn dáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ni kì í jẹ́ káwọn olójúkòkòrò kó gbogbo orúkọ rere pamọ́ láìfi ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀rọ wa máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tí sáfà rẹ̀ ò bá dáhùn. Àmọ́ ta ló ń ka ímeèlì? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà ló ń lọ, onítọ̀hún á sì gbàgbé sùn. Ìdí nìyẹn táwa tá a wà lẹ́ka àyẹ̀wò fi ní àṣà kan tí kò sí nínú òfin. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń lọ sópin, a máa gbé fóònù. "Ẹ káàárọ̀ o, sáfà yín ò dáhùn o. Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i kí orúkọ tó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́." Kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ fún wa. Àánú la fi ń ṣe é.

Èmi ni mo sì máa ń pè jù. Alágogo làwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí, nítorí n kì í fi ẹnikẹ́ni lọ́rùn sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ìyá mi ni. Bàtà ló ń ṣe, kì í sì í ṣe bàtà fàájì. Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yí sínú, àwọn ni oníbàárà rẹ̀. Á gbẹ́ igi kó rí bí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn gan-an, á wá na awọ lé e lórí. Tí ọmọ bá wọ bàtà náà nígbà àkọ́kọ́, á dì í lọ́wọ́ méjèèjì mú, á ní, "Rọra tẹ̀ ẹ́. Rọra tẹ̀ ẹ́." Báwọn ìyá ọmọ ṣe sọ ọ́ ní Rọratẹ̀ẹ́ nìyẹn. Wọn ò mọ orúkọ míì fún un.

Kékeré ni mo wà nígbà tí ìyá wa kú. Òun ló pọ̀n mí, òun ló rán mi nílé-ìwé, òun fúnra rẹ̀ ò sì lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó sáré wọlé wá bá èmi àti ọkọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún gọ́ọ̀mù.

"Àbúrò mi, mo ti gbé iṣẹ́ fún ọkùnrin kan tó máa gbé mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì! Rọratẹ̀ẹ́ ni mo ní kó kọ. Àwọn ìyá tó wà lọ́nà jíjìn á lè rí mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire."

"Ọ̀dọ̀ yín ló ní òun máa fi í sí. Mo ní háà, ṣebí ilé mi nìyẹn! Nígbà tí àbúrò mi wà níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù?"

Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàtà ni òun náà ń tà, àwọn tí wọ́n ń kó wá nínú páálí. Ọjà ò yá rárá.

Nígbà tí orúkọ náà yọ lójú kọ̀ǹpútà mi níbi iṣẹ́, inú mi dùn. Mo ní kí ẹ̀rọ pe sáfà méjèèjì. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún pè wọ́n. Kò sí èsì. Ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n mi gbéṣẹ́ fún kàn kọ orúkọ sáfà síbẹ̀ ni, kò tíì gbé nǹkan kan kalẹ̀.

Kò kó mi láyà sókè. Ọ̀sẹ̀ ṣì kù. Mo ní n ó pè é tó bá ṣe díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ibi tá a ti ń jẹun, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ ò rí ẹ̀gbọ́n mi? Ó ń pariwo íntánẹ́ẹ̀tì kiri, sáfà rẹ̀ ń sùn fọnfọn."

Ọkọ mi gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Tí kò bá jí ńkọ́?"

"Orúkọ á bọ́ nìyẹn."

"Tó bá bọ́, ta ló lè mú un?"

"Ẹnikẹ́ni tí sáfà tiẹ̀ bá ń dáhùn."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Èmi náà, ẹnikẹ́ni ni mí."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe àwàdà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni o! Ṣé orí yín pé báyìí?"

"Ṣé mo ní kó o jalè ni? Ṣé mo ní kó o pa orúkọ rẹ̀ rẹ́? Mo kàn ní kó o má ṣe nǹkan kan. Àbí òfin yín sọ pé kẹ́ ẹ máa pe èèyàn lórí fóònù?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó parí. Ìwọ tẹ̀ lé òfin."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́. Orúkọ yòówù kó máa jẹ́, wọ́n á wá a lọ. Èmi ńkọ́? Páálí bàtà ti kún yàrá àwọn ọmọ débi tí wọn ò ríbi na ẹsẹ̀. Orúkọ táwọn èèyàn ti fọkàn tán ni mo nílò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọjà bá ti gbéra, a ó tún un ṣe fún un."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ọkọ mi. Ohun kan ti wà nínú tèmi náà tipẹ́. Láti kékeré, ibi yòówù kí n yà sí, wọ́n á ní, "Àbúrò Rọratẹ̀ẹ́ nìyí. Òun ló tọ́ ẹ o, má gbàgbé o." Mo jáde ilé-ìwé gíga, wọ́n ní kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ríṣẹ́, wọ́n ní kí n lọ dúpẹ́. Ọpẹ́ a máa súni, ẹ̀yin èèyàn. Tó bá ti pọ̀ jù, á dà bí ìgbà tí wọ́n ní kéèyàn kúnlẹ̀ tí wọn ò wá ní kó dìde mọ́. Inú ń bí mi, n ò sì mọ ẹni tó ń bí mi nínú.

Bí èṣù ṣe ríbi jókòó sí nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń parí lọ, mo gbé fóònù bí ìṣe mi. Mo pe dókítà eléyín kan. Mo pe àwọn kan tó ń gbẹ́ kànga. Mo pe olùkọ́ obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí etí wọn ò gbọ́ràn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì pe ìyẹn, torí kò kọ́kọ́ yé e. Mo dé orí Rọratẹ̀ẹ́. Mo fò ó. Mo dìde, mo lọ po tíì.

Ibi tí mo ti ń ro tíì ni fóònù mi ti dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Àbúrò mi, ṣé kò sí wàhálà lórí orúkọ mi? Ọkùnrin yẹn ò gbé fóònù mi mọ́, ọkàn mi ò balẹ̀."

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Kí n kàn ní, "Ẹ wá ẹlòmíì tó máa gbé sáfà kalẹ̀ fún yín lónìí." Mo la ẹnu. Ohun tó jáde nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ níbí. Ọwọ́ èèyàn kì í kàn án rárá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ó dáa. Tí ìwọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó tán."

Tíì yẹn, n ò lè mu ún.

Orúkọ bọ́. Ọkọ mi ti ní kí alágbàtà kan bá òun kó sáfà kalẹ̀, orúkọ ìsọ̀ alágbàtà náà ló fi béèrè kí tiẹ̀ má bàa hàn. Mo ní kí ẹ̀rọ pe sáfà wọn. Wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi yìí, òun ló tẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún sí mi létí lórí fóònù. "Wọ́n ní orúkọ mi ti lọ. Wọ́n ní ẹnì kan ti mú un. Ta ló fẹ́ fi orúkọ tèmi ṣe kí ni?"

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rọ ni o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò."

"Má fi dààmú ara ẹ. Mo mọ̀ pé ká ní ó wà níkàáwọ́ ẹ ni, o ò ní jẹ́ kó lọ. Ìyá ọmọ kan ń sọ fún mi níbí pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, pé inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́. Ta ni mo ní nínú ilé bí kò ṣe ìwọ?"

Òun tí mo ṣẹ̀ ló tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Mo pa fóònù, mo lọ fi omi bọ́jú.

Ọjà ọkọ mi wá gbéra lóòótọ́. Kò ju pé ó ya fọ́tò àwọn bàtà inú páálí, ó kọ Rọratẹ̀ẹ́ sókè wọn, ó ní wọ́n dáa fún ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn. Àwọn ìyá tó ti ń gbọ́ òkìkí ẹ̀gbọ́n mi ya bò ó. Páálí ń dín kù nínú yàrá àwọn ọmọ. Ọkọ mi ń súfèé káàkiri ilé, èmi ò lè sùn.

Mo yà kí ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ariwo láti ìta. Obìnrin kan ló dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan pọ̀n, ó na bàtà kan sókè.

"Ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe é ni, Rọratẹ̀ẹ́? Gbogbo ayé ń yìn yín! Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ mi!"

Gìgísẹ̀ ọmọ náà ti bó. Ó pọ́n rẹ́rẹ́.

"Ìyá wa, bàtà yìí kì í ṣe tèmi," lẹ̀gbọ́n mi wí.

"Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á! Ṣé ẹlòmíì tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò jà. Ó gba ọmọ náà sílẹ̀, ó bu omi gbígbóná, ó ń fi òwú nu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń bẹ obìnrin náà fún ohun tí kò ṣe. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ ké. Ó kàn ń wo èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú sì tì mí lójú ọmọdé.

Mo délé, mo bá ọkọ mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ti ń bó."

"Ìsinsìnyí tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ? Ṣé nǹkan ń ṣe ọ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ń jẹ èébú yín!"

"Ṣebí ìwọ náà lo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lọ sọ fún un, kó o rí i bóyá ó máa dáríjì ọ́."

Ó mọ̀ pé n ò ní lè sọ ọ́. N ò sì sọ ọ́. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi ń kan ìṣó mọ́ ìdí bàtà, èmi ń bá a gé okùn. Obìnrin kan mú ọmọkùnrin kan wọlé, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ jókòó." Ó dúró gbagidi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ̀rọ̀. Mo mọ ohùn yìí! Ṣé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń fi orúkọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

Olùkọ́ àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn ni. Kí n tó rí nǹkan sọ, ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹ̀rín dá a lóhùn. "Ibẹ̀ náà ni. Àbúrò mi ni."

"Ọlọ́run á bù kún un fún yín! Ẹ mọ ohun tó ṣe fún mi? Sáfà mi ò dáhùn, n ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ sáfà. Ó pè mí, ó ṣàlàyé, kò yé mi, ó tún pè mí. Ó ní, 'Ẹ wá nǹkan ṣe sí i lónìí o mà, tó bá fi lè di ọ̀la, orúkọ á bọ́.' Òun ló gba ilé-ìwé mi sílẹ̀! Mo pe ibẹ̀ láti dúpẹ́, wọ́n ní bó ṣe máa ń pe gbogbo èèyàn nìyẹn. Wọ́n ní Alágogo ni wọ́n ń pè é."

Òòlù dúró lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ó pè yín?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì!"

"Òun fúnra rẹ̀? Kì í ṣe ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Ẹnu ara rẹ̀ ni o."

Ẹ̀gbọ́n mi ò wò mí. Ó dá olùkọ́ náà lóhùn gbogbo ohun tó béèrè, ó bá ọmọ náà ṣeré, ó dá ọjọ́ fún wọn, ó sìn wọ́n jáde. Ó wá ti ilẹ̀kùn.

"Ìgbà wo lo máa ń pè wọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè."

"Tí ọ̀sẹ̀ wọn bá ti fẹ́ pé."

"Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tèmi fẹ́ pé, ṣé o ò sí níbi iṣẹ́ ni?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O ò rí orúkọ mi?"

"Mo rí i."

"Mo tún pè ẹ́ fúnra mi. O ní ọwọ́ èèyàn kì í kàn án."

Mo bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ sáàárín awọ tá a gé dànù.

"Ta ló mú un?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ọkọ mi, mo sọ ti ìgbà tá a ń jẹun, mo sọ bí sáfà rẹ̀ ṣe dáhùn àti bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlé. N ò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́.

"Mo ti ń rò ó pé ẹni tó mú un mọ̀ mí. N ò mọ̀ pé èmi ni mo tọ́ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un." Ó gbé òòlù rẹ̀ sórí tábìlì jẹ́jẹ́. "Ká ní o ní kí n fún ẹ ni, ǹ bá fún ẹ. O mọ̀ pé ǹ bá fún ẹ."

Mo mọ̀. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, mo ní kó lé mi.

"Ṣé sáfà ẹ̀gbọ́n rẹ dáhùn?"

"Kò dáhùn, sà."

"Ti ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó dáhùn."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kò síbi tá a ti kọ ọ́ pé ká pe ẹnikẹ́ni. Òfin wo ni kí n sọ pé o rú?" Ó kàn gbé mi kúrò lẹ́ka àyẹ̀wò. Ẹ̀yin òǹkàwé, ìyà tí wọn ò fi jẹ èèyàn a máa wúwo. Ẹ ṣọ́ra fún ìwà ìkà tí òfin ò rí bá wí, torí kò sẹ́ni tó máa bá yín gbé e kúrò lórí.

Ọkọ mi ò gbádùn orúkọ yẹn pẹ́. Àwọn ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá bàtà padà, èpè ń rọ́ sórí fóònù rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó sú u, ó ní kí n máa mú un lọ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá ẹni tó mọṣẹ́, mo jókòó tì í títí sáfà méjèèjì fi ń dáhùn. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú ayọ̀, bí ẹni tó lọ gba ọmọ tó sọnù bọ̀.

Ó gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, màdáámù. Ẹ jókòó."

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíì ló wọlé tẹ̀ lé mi. Kò sẹ́nì kankan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ yín rèé. Mo ti gbà á padà. Ó ń dáhùn."

"Ẹ ṣeun gan-an. Àmọ́ a ò lò ó mọ́ níbí. Àwọn ìyá ọmọ ti ń bẹ̀rù ẹ̀." Kò jágbe. Bó ṣe ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá mi sọ ọ́. "Ṣé bàtà lẹ bá wá, àbí kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ?"

Èmi tó pọ̀n dàgbà. Èmi ló ń pè ní màdáámù, èmi ló ń bi léèrè ohun tí mo bá wá.

N ò lè dìde lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàtà ni mo bá wá.

Ó ní kí n bọ́ bàtà sílẹ̀. Ó mú okùn ìwọ̀n, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó sì wọn ẹsẹ̀ mi láti gìgísẹ̀ dé ọmọńdinrín, bí ẹni tí kò rí i rí.